Ẹ mú ìtọ́jú CBT sún mọ́ wa n'Ìkòròdú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

N'Ìkòròdú níbí, téèyàn ò bá ti rí oorun sùn, táyà ẹ̀ ń já ṣáá, wọ́n á ní ayé ló ń bá a jà. Ìtọ́jú kan wà tó ń jẹ́ CBT (Cognitive Behavioural Therapy, ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe èèyàn ṣe), Dókítà Aaron Beck ló gbé e kalẹ̀ l'Amẹ́ríkà láàárín 1960 sí 1970, ọ̀rọ̀ sísọ ni, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ká ní ìyá kan ń tajà ní Sábó, kọ́sítọ́mà kan ò kí i, ló bá gbà pé gbogbo ọjà ti kórìíra òun, kò wá lè jáde mọ́. Àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú yìí á ní kó kọ èrò yẹn sínú ìwé, kó bi ara ẹ̀ pé kí ló fi dá òun lójú? Kó tún padà sọ́jà díẹ̀díẹ̀ kó lọ wò ó fúnra ẹ̀. Ó ń ran oníbànújẹ́ ọkàn àti ẹni tí ìpayà ń bá jà lọ́wọ́ gan-an. Ìjọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sáwọn ilé ìwòsàn kéékèèké wa.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Ìkòròdú