Lẹ́tà òpin sáà kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: lórí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnubodè

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́,
Ìdìrókò, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ. Lórúkọ gbogbo olùkọ́ àti òṣìṣẹ́, mo kí yín kú òpin sáà kejì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè tí kò jẹ́ ká fi ẹnikẹ́ni ṣàwátì láàárín wa.

Èsì ìdánwò ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú àpòòwé tó mú bọ̀ wálé. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi rán an padà. JSS 2 ṣe dáadáa nínú ìṣirò. SS 1 kò ka Físíìsì tó, wọ́n sì mọ̀. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife eré ìdárayá lọ́dún yìí. SS 3 kò ní gba ìsinmi tán, nítorí WAEC ti dé ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n máa wá fún ẹ̀kọ́ àfikún láago mẹ́jọ òwúrọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò lé. Àwọn tó ṣì jẹ gbèsè sáà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá rí akápò kí a tó wọlé. Fóònù ṣì jẹ́ èèwọ̀ nínú kíláàsì.

Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnubodè, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ní bodè, tí a ń ṣe fún SS 1 àti SS 2 ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀sùn lóríṣiríṣi ló dé ọ́fíìsì mi lórí rẹ̀. Àwọn kan kọ̀wé, àwọn kan fẹsẹ̀ ara wọn wá, àwọn kan sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí. Wọ́n ní à ń fi ọ̀rọ̀ burúkú ṣe àfọ̀ṣẹ sí ọmọ ọlọ́mọ lára. Wọ́n ní à ń kọ́ ọmọ láti fi òbí rẹ̀ sùn. Wọ́n ní jápa ni mò ń kọ́ wọn, àti pé ₦2,500 tí a gbà fún ẹ̀kọ́ náà, ọ̀nà àtijẹ ni. N ó dáhùn gbogbo rẹ̀, nítorí bí mo bá dákẹ́, àhesọ ni yóò di òótọ́.

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bínú kò tíì wá wo ohun tí à ń ṣe. Nínú gbọ̀ngàn, a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, a gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan á ṣe ìmígíréṣọ̀n, òmíràn á ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù, èyí tó ń rìnrìn-àjò á dúró níwájú wọn pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù oníbébà tí a tẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìbéèrè. What is the purpose of your visit? How long do you intend to stay? Do you have anything to declare? Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin kan gbọ́ declare, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó dìgbà tí olùkọ́ ṣàlàyé kó tó mọ̀ pé ẹrù tó yẹ kó san owó bodè lé lórí ni wọ́n ń béèrè. Lónìí, ọmọ náà ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí wú mi lórí púpọ̀, mi ò sì ní fi pamọ́. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọnà ló gé òǹtẹ̀ tí a ń lù sí páásípọ́ọ̀tù oníbébà láti ara rọ́bà sálúbàtà àtijọ́, ó sì jáde kedere. Ọmọbìnrin SS 2 tó máa ń ṣe ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n kì í wo ìwé mọ́ kó tó béèrè ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já geere. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ ìwé atúmọ̀ kékeré kan, tó bẹ̀rẹ̀ láti arrival tó fi dé yellow card, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá wa jókòó ní ọ̀sán kan, ó yìn wọ́n, ó sì tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà létí bodè kò yẹ kó ṣe kéré sí èyí.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀. Ìyá kan rí páásípọ́ọ̀tù oníbébà ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì pupa lù ní REFUSED ENTRY, òmíràn rí DEPORTED. Wọ́n ní a ti ti ilẹ̀kùn òkè òkun mọ́ ọmọ àwọn láti ìsinsìnyí. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa ṣẹ, n kò sì fi ẹ̀rù ìyá ọmọ ṣeré. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gégùn-ún fún ọmọ yín. Ẹni tí wọ́n refuse kò tíì wọ ìlú rárá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà. Ẹni tí wọ́n deport ti wọlé, àṣẹ ìjọba ló lé e jáde. Ohun tí ẹni kìíní lè béèrè àti ohun tí ẹni kejì lè béèrè kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn á fọwọ́ sí ìwékíwèé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀.

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa kò ní gbàgbé ti Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, gbé àṣẹ kan jáde tí wọ́n pè ní Aliens Compliance Order. Àjèjì tí kò bá ní residence permit, ìwé àṣẹ ìgbé ìlú, gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìníṣà àti Ṣakí, tí àwọn mìíràn nínú wọn bímọ tí wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀, ni wọ́n bá ara wọn nínú ọ̀rọ̀ alien, ìyẹn àjèjì, láìròtẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn tí kò ní ìwé jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ Ghana sì gba ọ̀nà bodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Èdè tí wọ́n fi kọ àṣẹ kìíní ni wọ́n fi kọ èkejì. Olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mi ò lè mọ èyí kí n sì sọ fún àwọn olùkọ́ mi pé kí wọ́n fo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀sùn kejì ló dùn mí jù. Ọmọ kan délé, ó pe àpò ìrẹsì ìyá rẹ̀ ní contraband, ẹrù tí òfin dè, ó ní smuggling, ìyẹn fàyàwọ́, ni iṣẹ́ wọn. Mo ti pe ọmọ náà, mo ti bá a wí, mo sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọmọ tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bú òbí kò kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wa. Ìyá tó ń jí láago mẹ́rin kó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹ fún ọ̀wọ̀. Síbẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé láti ọdún 2016 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé. Contraband ni ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ sínú ìwé wọn fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ yìí ń gbé. Mi ò ní yọ contraband kúrò nínú ìwé.

Mi ò sì ní yọ trafficking, nítorí òun gan-an ló mú kí n dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀kan náà ni smuggling ènìyàn àti trafficking. Bí ẹnì kan bá gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti mú un kọjá bodè lọ́nà ẹ̀bùrú, smuggling nìyẹn, ẹni tí wọ́n mú kọjá sì fẹ́ lọ. Trafficking ni kí wọ́n kó ènìyàn láti lọ jẹ èrè lórí rẹ̀, ìbáà ṣe nípa iṣẹ́ àfipáṣe tàbí aṣẹ́wó, ì báà má tilẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2015 tí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti trafficking, ń lò kò ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sí ẹni tó lè gbà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ, ẹni tó mú un lọ ṣì jẹ̀bi. Gbogbo wa la mọ bí àǹtí kan ṣe máa ń wá wá ọmọ tí yóò bá a gbé ní Kútọnù, Libreville tàbí Libya. Mo fẹ́ kí ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ yìí mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ sí òṣìṣẹ́ lójú pópó: I am under eighteen. I do not know this woman. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí gbogbo wọn há gbólóhùn méjèèjì sórí.

Ní ti jápa, mi ò rán ọmọ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ìrìnàjò. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni páásípọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 ti di ₦100,000. ₦2,500 wa kò lè gbé ọmọ dé ibì kankan. Ohun tí à ń kọ́ wọn ni kí ẹnikẹ́ni má lè tàn wọ́n jẹ. Validity tó wà lára físà ni àkókò tí ènìyàn lè fi í wọlé. Duration of stay ni iye ọjọ́ tó lè lò bó bá wọlé tán. Físà lè ní oṣù mẹ́fà validity kí duration rẹ̀ má ju 30 ọjọ́ lọ. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á máa fọkàn balẹ̀ rìn kiri nígbà tó ti di overstayer, ẹni tó ti lo ọjọ́ kọjá iye tí wọ́n fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá rí leave to remain nínú lẹ́tà tí kò sì mọ̀ pé àyè àtigbé ni wọ́n fún un lè rò pé wọ́n ní kó máa lọ. Àwọn ajẹ́ńtì tó ń gbowó lọ́wọ́ wa mọ̀ pé a kì í ka ìwé wọ̀nyí.

Bí ọmọ kò bá sì lọ ju Ìgólò tó wà lódì kejì bodè wa ní ilẹ̀ Benin lọ, ó ṣì nílò rẹ̀. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ìlà tó ya àwa àti àwọn ará wa ní Kétu àti Pòbẹ́ sọ́tọ̀. Yorùbá là ń sọ ní ìhà méjèèjì, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ti ìhín, Faransé ni ti ọ̀hún. Ìlànà ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà láìgba físà fún 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ bá pé. Mélòó nínú wa ni kò mọ èyí, tó fi ń san owó tí kò yẹ ní ojú ọ̀nà? Nígbà tí wọ́n ti bodè wa pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìkéde, a sì ń bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n wí. Ẹ má gbàgbé pé WAEC náà ń béèrè ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìrìnàjò àti òfin nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí a ń ná ₦2,500 náà lé lórí nìyí: páásípọ́ọ̀tù oníbébà, yíǹkì, ìwé atúmọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú lọlé, àti ìpápánu ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò, ẹgbẹ́ PTA sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò bá lè san án, kó wá rí mi ní kọ̀rọ̀. A kò ní tìtorí ẹ̀ lé ọmọ kankan jáde.

Ẹ̀kọ́ náà yóò tẹ̀síwájú ní sáà kẹta. Òbí tí kò bá fẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí ìwé ọmọ òun lè kọ ọ́ sí ojú ìwé tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, a ó bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ náà yóò jókòó, yóò wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pátá, nítorí a ó bi í nínú ìdánwò. Mo tún ń bá olùkọ́ Faransé wa sọ̀rọ̀ kí ìdajì àwọn ìbéèrè lè di ti ìhà Ìgólò láti sáà tó ń bọ̀, iṣẹ́ tí inú mi ń dùn sí gidigidi.

Ìpàdé PTA yóò wáyé ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé, láago mẹ́wàá. Àwọn ọmọ yóò ṣe ẹnubodè náà lójú yín. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé sí mi, mo ti ní kí wọ́n fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún yín.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ yè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́.

Àfikún: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi páásípọ́ọ̀tù yín gan-an rán ọmọ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti fi ṣeré. Méjì wà lọ́wọ́ akápò báyìí tó ń dúró de àwọn tó ni í.