Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi lórí ìsọ̀ ẹlẹ́mu ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Kánádà. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, ẹ ní kí n sọ fún ìyá ẹlẹ́mu ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ pé ẹ̀ ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, àti pé kí wọ́n fi àyè yín sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. N kò lè dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí inú yín ń dùn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ìsọ̀ náà kò sí mọ́. Wọ́n ti ta ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ti wó àtíbàbà, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù mọ odi yí i ká débi pé ẹni tí kò mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní gbà pé ènìyàn jókòó níbẹ̀ rí.

Nígbà tí títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ di tuntun, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì wá ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 2022, inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn, nítorí ẹ̀yin náà kò lè gbàgbé ohun tí ojú èrò ń rí lójú ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n bí títì bá ti dára, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ wọ́n. Bàbá onílẹ̀ tí ó fi ìyá náà síbẹ̀, tí kò gba ìṣákọ́lẹ̀ kankan ju agbè ẹmu kan lọ lọ́dún, ti kú. Àwọn ọmọ wọn kò gbé ìlú, ẹni tí ó sì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. N kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi, ogún wọn ni. Síbẹ̀, ó dùn mí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó wá sọ fún màmá fúnra rẹ̀ kí kátakátà tó dé.

Irà tí ó wà lẹ́yìn ibẹ̀ náà ti ń lọ. Wọ́n ń kó yanrìn dà sínú rẹ̀ láti kọ́lé, bẹ́ẹ̀ inú irà ni ògùrọ̀ ti ń dàgbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń yọ òdòdó láyé rẹ̀ kí ó tó kú, nítorí náà èyí tí ó ń hù lábẹ́ rẹ̀ ni adẹ́mu máa ń gbójú lé. Bí yanrìn bá ti bo irà, kò sí èyí tí yóò hù mọ́. Adẹ́mu wa wá ń gun ọ̀kadà lọ sí oko jíjìn, láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500, owó tí ó ń ná sórí ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè rẹ̀ tán. Kí wọ́n tó ta ilẹ̀ rárá ni ara ìsọ̀ náà ti ń ṣàárẹ̀.

Ohun tí ó ń wá sí mi lọ́kàn jù ni bí màmá ṣe máa ń bu ẹmu. Wọn yóò gbé agbè sórí itan, wọn yóò ki fọ́nrán ọ̀pẹ bọ ẹnu rẹ̀ kí oyin àti ìdọ̀tí má baà bá ẹmu jáde, wọn yóò rọra dà á sínú ahá títí ìfófò yóò fi ga ju etí ahá lọ, wọn yóò sì fẹ́ ẹ kúrò. Ahá àkọ́kọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń mu ún lójú gbogbo wa, kí ọkàn ẹni tí yóò mu tẹ̀ lé wọn lè balẹ̀. Wọn kì í fo èyí, ì báà jẹ́ ìjòyè ni ó jókòó tàbí ẹni tí ó wá mu àwìn.

Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé ẹmu kì í dúró de ènìyàn. Láti ìgbà tí ó bá ti ń kán sínú agbè ni ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà rẹ̀: ó dùn ní àárọ̀, ó le ní ìrọ̀lẹ́, ó kan ní ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí gbogbo àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń pàdé ní wákàtí kan náà láìsí ìpè. Bí agogo mẹ́rin bá ti ń lù, télọ̀ ti dìde nídìí ẹ̀rọ, tíṣà ti dé, awakọ̀ tí ó kó èrò ti Èkó bọ̀ ti wá ibi gbé ọkọ̀ sí, adẹ́mu tí ó gun igi láàárọ̀ yóò sì jókòó ti lọ́yà. Wọn kò yan ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́; ẹmu ni ó kó wọn jọ. Ilé ọtí òdìkejì títì ṣì wà, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bíà inú fíríìjì a máa dúró de ẹni tí ó bá dé ní ìgbàkígbà, nítorí náà oníkálùkù ń dé ní àsìkò tirẹ̀, ó ń jókòó sí tábìlì tirẹ̀, ó sì ń lọ láì mọ orúkọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìlú wa fẹ́ràn ẹgbẹ́, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń san owó regbẹ́rẹgbẹ́ mi, mo ń ra aṣọ, orí mi sì máa ń wú bí a bá ń jó wọ Ojúde Ọba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká aṣọ ọdún kan, ilé ni yóò jókòó sí lọ́dún náà. Nídìí ẹmu, kò sí aṣọ, kò sí owó oṣù, kò sí àga àlejò pàtàkì. Bàbá tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò dé, lè fi ahá kan jókòó di alẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò bojú wo inú ahá wọn. Níbẹ̀ ni a ti dá owó jọ nígbà tí ọmọ télọ̀ wà nílé ìwòsàn. Mo ti wò yíká, n kò rí ibòmíràn nítòsí wa tí ènìyàn lè jókòó sí láàárín èrò láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní ohun tí ó mú wá.

Nígbà tí Kábíyèsí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lórí oyè láti ọdún 1960, ni òfò ìsọ̀ yìí tó wọ̀ mí lára gan-an. Àtíbàbà ti wó nígbà náà. Àwọn àgbà tí ọdún 1960 ṣojú wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n oníkálùkù wà nílé rẹ̀. Mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n rántí, kò sì sí ẹnìkejì níbẹ̀ tí yóò já ọ̀rọ̀ gbà, tí yóò ní, “Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀.” Ẹ mọ̀ pé inú ìjiyàn yẹn gan-an ni òótọ́ ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde.

Màmá wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ara wọn le, wọ́n sì máa ń béèrè yín. Adẹ́mu kì í gbé ẹmu wá sígboro mọ́ àfi bí ẹni tí ó ń ṣe ìnáwó bá bẹ̀ ẹ́ ní kẹ́ẹ̀gì, ṣùgbọ́n mo ti bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbà láti gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní agogo mẹ́rin ọjọ́ tí ẹ bá dé. Bẹ́ǹṣì kan wà lọ́wọ́ mi. Màá lọ fi ọkọ̀ gbé màmá, télọ̀ sì ti ní òun ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe màmá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì tètè fi ọjọ́ tí ẹ ó dé ránṣẹ́ sí mi, nítorí adẹ́mu fẹ́ gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Èmi ni àbúrò yín.