Ẹni Tí Yóò Dáhùn Ààlọ́

Kubwa, Àbújá.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé òtútù Kánádà ti tún dé, kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé yìí, mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp tí èèyàn ń kà lórí ìdúró. Jókòó kí o tó kà á. Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan lórí orin inú àlọ́ Màmá rẹ, ìwọ nìkan lo sì lè bá mi ṣe é.

Tẹlifíṣọ̀n ará ìlú kan níhìn-ín ti fún àwa obìnrin àdúgbò láyè láti máa ṣe ètò àlọ́. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sanwó oṣooṣù kó tó rí i wò o. Ètò 13 la máa kọ́kọ́ ṣe, torí pé ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú oṣù mẹ́ta, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n tí ìpolówó ọjà bá ti gba tiẹ̀, ìṣẹ́jú bíi 26 ló kù fún wa. O mọ̀ pé Màmá rẹ ò ní í tíì kúrò lórí àlọ́ àpamọ̀ nínú ìṣẹ́jú 26, ká má tíì sọ pé Ìjàpá ti jáde nílé.

Jẹ́ kí n sọ bí ìgbà àkọ́kọ́ ṣe rí. A mú Màmá kan lọ, ọmọ Yàgbà, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé ní Dutse Alhaji. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé ọ̀sán gangan làwọn máa pàlọ́ ni. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọkùnrin kan fi máìkì kékeré há ọrùn bùbá wọn, wọ́n sì ń wò ó bíi kòkòrò tó bà lé wọn láyà. Wọ́n gbé wọn jókòó sórí àga kan ṣoṣo láàárín iná tó mọ́lẹ̀ yòò. Iwájú wọn ò lẹ́nì kan, kámẹ́rà ló dúró síbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Màmá tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Ààlọ́ o!"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n tún ní, "Ààlọ́ o!" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n bá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyá Dàpọ̀, ṣé kò séèyàn níbí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Torí pé èèyàn kún ibẹ̀. A tó mẹ́jọ, wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ká má mí sókè. Nígbà tí Màmá pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni kò lè mú un mọ́ra. Ọmọ Kàbbà ni. "Ààlọ̀!" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣe ni ojú Màmá là. Wọ́n gbàgbé kámẹ́rà, wọ́n kọjú sí ọmọ yẹn, òun ni wọ́n wá ń pa á fún, tọwọ́ tẹsẹ̀. Ni ẹni tó ń darí iṣẹ́ bá ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ní ohùn ẹni tó ń ya fídíò ti wọnú rẹ̀, pé Màmá ò sì wo kámẹ́rà mọ́.

Mi ò lè gbé e mì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohùn yẹn gan-an la wá yà." Àlọ́ kì í ṣe ìròyìn aago mẹ́sàn-án tí ẹnì kan ń kà fún gbogbo ìlú. Bí ẹni tó ń gbọ́ ò bá dáhùn, ẹni tó ń pa á ò mọ̀ bóyá kó tẹ̀ síwájú, kò mọ ibi tó yẹ kó ti fa ọ̀rọ̀ gùn tàbí ibi tó yẹ kó ti sáré. Mo rán an létí ètò àlọ́ tí NTA máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ Sunday nígbà tí a wà lọ́mọdé. Gẹ̀ẹ́sì ni, síbẹ̀ wọ́n kó àwọn ọmọdé jókòó yí ẹni tó ń pa á ká, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń gberin. Àwa náà ń bá wọn gbè é nínú pálọ̀ bàbá mi, àbí o ti gbàgbé? 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, 1962 ni ti Kàdúná tiwa. Ó ti tó gẹ́ẹ́ tó yẹ ká ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àlọ́ sórí rẹ̀.

Ó gbọ́ o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà wá sí àgbàlá wa nírọ̀lẹ́. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, a ní kí àwọn aládùúgbò bá wa pa jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọdé rọ́ dé. Màmá fi àlọ́ àpamọ̀ bẹ̀rẹ̀: "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Àwọn ọmọ Yorùbá ṣì ń wojú ara wọn nígbà tí ọmọ Gbàgyí kan, tí ìyá rẹ̀ ń tasu níkorítá wa, pariwo, "Ẹ̀wà!" Màmá pè é, wọ́n fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní kó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fídíò.

Ẹnì kan ní ká sọ fún Màmá kí wọ́n yé sọ èdè Yàgbà, kí wọ́n máa sọ Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́. Mo kọ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló máa jáde. A máa kọ Yorùbá àjùmọ̀lò àti Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀.

Àwọn tó ń bọ̀ náà ń dùn mọ́ mi. A ti bá àgbàlagbà ará Ìlọrin kan tó ń kọ orin dàdàkúàdà sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin Gbàgyí tó ń mọ ìkòkò máa wá sọ ìtàn Ladi Kwali, obìnrin tó wà lẹ́yìn ogún náírà. Ojoojúmọ́ la ń ná an, díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé Kwali tó wà lọ́nà ibí yìí ni wọ́n ti bí i, tó sì jẹ́ pé ní Suleja ló ti ṣiṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Àbújá ni wọ́n ń pe Suleja nígbà náà, kí ìjọba tó mú orúkọ yẹn fún olú ìlú tuntun ní 1976.

Àlọ́ Hausa náà máa wà, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ rẹ ti wọlé. Rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ní Tudun Wada ní Kàdúná, tí Màmá rẹ máa ń ṣa ẹ̀wà, tí a ó jókòó yí wọn ká. Wọ́n á ní, "Ààlọ́ o!" A ó ní, "Ààlọ̀!" Wọ́n á tún yí sí àwọn ọmọ aládùúgbò, wọ́n á ní, "Ga ta nan, ga ta nan ku!" Àwọn náà á ní, "Ta zo mu ji ta!" Àlọ́ kan ṣoṣo, ìlẹ̀kùn méjì. Lẹ́yìn náà ni Ìjàpá àti Yánníbo á gbéra lọ kí Gizo, aláǹtakùn inú àlọ́ Hausa, àti Koki ìyàwó rẹ̀, torí Ìjàpá gbọ́ pé ẹnì kan wà lókè Ọya tó gbọ́n jù ú lọ. Gizo ti gbé túwó pamọ́ sókè àjà, Ìjàpá ti fi iṣu pamọ́ sábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì ń búra pé ebi ò pa àwọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ níbòmíì rí. Mo gbà pé Màmá ló hun ún fúnra wọn, fún irú àwa ọmọ tó wà níbẹ̀.

Èmi ni mo fẹ́ pa á nínú ètò kẹrin, tí o bá yọ̀ǹda. Àlọ́ Màmá ni, orúkọ wọn la máa kọ sí i. Ṣùgbọ́n orin ibẹ̀ ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tí Ìjàpá ń kọ nísàlẹ̀ wà lórí mi digbí. Èyí tí Gizo fi ń dá a lóhùn látòkè àjà, tí wọ́n ń fi Hausa kọ, ni mi ò rí mú. Hausa tìrẹ dán ju tèmi lọ, ìwọ lò ń bá àwọn ọmọ yẹn gbè é.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa yà á. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sínú fóònù kí o fi ránṣẹ́ sí mi, bó tiẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ lo rántí. Má dá nìkan kọ ọ́ o. Pe àwọn ìbejì, kọ́ wọn ní ègbè rẹ̀, kí wọ́n máa dá ọ lóhùn bí o ṣe ń kọ ọ́, kí n lè mọ ibi tí ègbè ti ń wọlé.

Kí Ọlọ́run túbọ̀ tẹ́ Màmá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dàpọ̀