Ẹ Yé Ta Igi Tí Kò Lórúkọ fún Wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí inú ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú mángòrò tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé mi lọ́dún 2018 ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Ọdún méje ni mo fi pọn omi sí i, tí mo ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi búra pé wọ́n lọ́ ọ ni, ìyẹn ni pé wọ́n ti so ẹ̀ka igi tó dára mọ́ ọn lára, pé Kent ni, irú mángòrò òyìnbó kan, pé kò ní ju ọdún mẹ́ta lọ tí mo fi máa jẹ nínú èso rẹ̀. Mo já àkọ́so, mo fọ̀ ọ́, mo là á. Òórùn kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ sọ sí mi nímú. Okùn inú rẹ̀ há sí mi léyín dalẹ́. Ìyàwó mi fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé ìyókù fún ewúrẹ́ tí a ti ń lé láti ọjọ́ yìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ pa ìdí igi náà láti ilẹ̀ títí dé orúnkún, mo ń wá àpá. Igi tí wọ́n bá lọ́ ẹ̀ka mìíràn sára rẹ̀, bí a ṣe ń kà á nínú ìwé Róòmù orí kọkànlá, kì í sábà fi ojú ibẹ̀ pamọ́: á wú díẹ̀, tàbí kó tẹ̀ bí ìgunpá, èèpo ìsàlẹ̀ á sì yàtọ̀ sí tòkè. Tèmi gún gbọnrangandan. Kóró lásán ni wọ́n gbìn sínú ọ̀rá, tí wọ́n tà fún mi ní ₦3,500 lẹ́yọ kan. Mẹ́ta ni mo rà.

Kóró mángòrò òyìnbó bíi Kent kì í hu Kent. Ohun tó bá wu ìyá àti igi mìíràn tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ bà lé e ló máa bí. Ọ̀pọ̀ mángòrò ìbílẹ̀ wa sàn ju ìyẹn lọ, torí kóró ẹyọ kan lè hu igi méjì mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì jọ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ Kent, ẹ̀ka igi Kent tó ti ń so ni kí wọ́n lọ́ fún un. Nítorí pé ẹ̀ka yẹn ti dàgbà ló ṣe máa ń tètè so. Ẹni tó ń ta igi gbọ́dọ̀ mọ èyí, ẹni tó ń bójú tó ẹni tó ń ta igi sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni mò ń bá wí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí à ń san owó oṣù fún. Wọ́n á wá lọ́jọ́ igi gbíngbìn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín igi nínú ọ̀rá dúdú, ó tán. Ẹ bi wọ́n pé irú ọsàn wo nìyí, wọ́n á ní "èyí tó dáa ni." Kí ni wọ́n ń pè ní èyí tó dáa? Igi wo ni ìyá rẹ̀? Ẹni tó lọ ra adìyẹ lọ́jà mọ ti ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgíríìkì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ni yóò jẹ ẹ́. Igi tí yóò jókòó sórí ilẹ̀ ẹni fún ogójì ọdún, wọ́n ń tà á láìlórúkọ!

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó dára tí a ní ń lọ. Agbálùmọ̀ kan wà lágboolé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Èso rẹ̀ ò tóbi, ṣùgbọ́n wàrà rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ni létè, bẹ́ẹ̀ ni kì í kan àyàfi tí èèyàn bá kánjú ká a. Tó bá ti di oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn ará òdìkejì ọjà á gbé abọ́ dání wá. Òmíràn wà tí kò jìnnà sí i ju ogún ìṣísẹ̀ lọ tó kan bí ọtí kíkan. Lọ́dún 2021 wọ́n gé èyí tó dùn, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gé ẹ̀ka rẹ̀ kan pamọ́. Kíkan yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Píà tí wọ́n ń pè ní Hass, tó gba ọjà ayé, ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà ní California, Rudolph Hass, ló gbin kóró rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1935. Igi yẹn kú, wọ́n gé e lọ́dún 2002, ṣùgbọ́n gbogbo igi Hass tó wà láyé, ara rẹ̀ ni wọ́n ti wá. Igi ẹyọ kan! Ìṣin tiwa náà ti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà, ó sì ti di èso orílẹ̀-èdè níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe nìyí. Ní oṣù Èrèlé, tí agbálùmọ̀ bá pọ̀, kí wọ́n ké sí gbogbo agboolé wá sí gbàgede ọjà. Kí oníkálukú mú èso mẹ́wàá láti ara igi rẹ̀, kí wọ́n kó o sínú abọ́ tó ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má mọ ti ta ni. Kí àwọn àgbà tọ́ ọ wò, kí àwọn ọmọdé náà tọ́ ọ wò, torí ọmọdé kì í tijú láti tu ohun tó kan dànù. Igi tó bá borí, kí wọ́n fi orúkọ agboolé rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n so àmì mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má gé e láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ mú ẹ̀ka rẹ̀. Kí wọ́n máa ra ẹ̀ka yẹn lọ́wọ́ onílé lọ́dọọdún, kí wọ́n lọ́ ọ, kí gbogbo ọ̀rá tí wọ́n bá tà ní ìwé pélébé lára: orúkọ, ìyá rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n lọ́ ọ. Owó ń bọ̀ fún onílé nìyẹn, kò ní rí i bí ohun tó ń dí ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mọ́. Tí oṣù Igbe bá dé, kí wọ́n ṣe ti mángòrò.

Kí wọ́n tún gba ìwé àṣẹ títa igi kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá ta igi tó hù láti inú kóró bí èyí tí wọ́n lọ́. Kí àwọn ilé ìwé sì kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń lọ́ igi.

Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn níbí ni NIHORT wà, ilé ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 fún èso àti ẹ̀fọ́. Ẹ wo orúkọ àdúgbò yẹn dáadáa. Kí ló dé tí à ń ra igi tí kò lórúkọ láti ẹ̀bá títì?

Mi ò ní hú mángòrò mi dànù. Màá gé e dé ìwọ̀n ìbàdí tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó bá rú, màá wá ẹni tó mọṣẹ́ kó lọ́ ẹ̀ka tó dára sára rẹ̀. Bí òǹkàwé yín kan ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ní igi tó dùn, tó sì mọ orúkọ rẹ̀, kó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín. Èmi fúnra mi ni màá wá gé ẹ̀ka náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ológuneru, Ìbàdàn