Ọdún Mẹ́ta Nínú Kíláàsì Físíìsì Láìfọwọ́ Kan Wáyà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín, torí ó ti ká mi lára kọjá ohun tí mo lè pa mọ́ra. Ohun èlò iná ni mò ń tà ní Lágéré, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ ilé-ìwé kan yà sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Wọ́n kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Wọ́n na bébà kan sí mi tí tísà wọn kọ nǹkan sí: wáyà constantan nọ́ńbà 28, mítà méjì. Mo ní kò sí, pé irú ìyẹn kọ́ la fi ń wáyà ilé. Ni ọmọkùnrin tó dàgbà jù nínú wọn bá nawọ́ sí róòlù wáyà bàbà tó wà lẹ́yìn mi, ó ní, "Mummy, ẹ kúkú gé èyí fún wa mà. Ṣebí wáyà ni wáyà ń jẹ́."

SS3 ni wọ́n o. Ìdánwò físíìsì WAEC ló kù sí dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣe pírátíkà iná rí. Wọ́n wo ojú ara wọn. Ọmọbìnrin kan ló jàjà dáhùn pé rárá mà, tísà ti kìlọ̀ fún àwọn pé káwọn má ṣe dé ìdí ìbéèrè iná rárá. Ó ní ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, méjì lèèyàn sì máa mú, kí àwọn mú ti pendulum, ìyẹn nǹkan tí a so rọ̀ sórí okùn tó ń fì, àti ti ìmọ́lẹ̀, kí àwọn fi ti iná sílẹ̀. Wáyà tí wọ́n wá rà, wọ́n kàn fẹ́ tò ó sórí tábìlì ni, kí ẹni tó bá wá yẹ yàrá náà wò lè rí i pé nǹkan wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ṣe SS1, ó ṣe SS2, ó ṣe SS3, wọ́n ń kọ́ ọ ní iná mọ̀nàmọ́ná, wọ́n ń kọ́ ọ ní mágínẹ́ẹ̀tì, ìwé rẹ̀ kún fọ́fọ́ fún nóòtì, ọdún mẹ́ta sì parí láìfọwọ́ kan wáyà. Ó dà bí ẹni ń kọ́ irun dídì láìrí orí. Ta ni yóò gbé orí rẹ̀ fún irú onídìrí bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ iná mọ̀ pé wáyà yàtọ̀ sí wáyà. Bàbà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí iná lọ́nà, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi í wáyà ilé. Constantan, tó jẹ́ bàbà tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nickel, ìdíwọ́ tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 30 ti bàbà bí wọ́n bá gùn dọ́gba tí wọ́n sì nípọn dọ́gba. Bó bá gbóná pàápàá, ìdíwọ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, èyí ló fi wúlò fún ẹni tó fẹ́ wọn nǹkan kó má tàsé. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá so bàbà tèmi mọ́ bátìrì wọn dípò constantan, abẹ́rẹ́ ammeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, lè fò dé òpin, bátìrì á sì tètè kú. Ká ní ẹnì kan ti fún wọn ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì àti gílóòbù kékeré kan rí ni, kí wọ́n gba inú bàbà tan gílóòbù náà, kí wọ́n wá gba inú constantan tàn án. Wọ́n á rí i tí yóò ṣe bàìbàì lójú wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé lórí rẹ̀, wọn kò sì ní gbàgbé láéláé.

Pendulum tí wọ́n ní àwọn gbójú lé náà, ẹnu lásán ni. Mo ní kí wọ́n dúró. Mo mú okùn, mo so àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ọn, mo fi ìṣó gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, mo fi tépù wọ̀n ọ́n láti ìdí ìṣó dé àárín àgádágodo: mítà kan. Mo ní kí wọ́n tì í díẹ̀ kó máa fì, kí wọ́n ka ogún àlọ-àbọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn máa wo aago fóònù mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ìṣẹ́jú-àáyá. Mo wá gbé àgádágodo ńlá tó wúwo jù ú lọ kọ́ dípò rẹ̀, mo tún okùn wọ̀n kí gígùn rẹ̀ má yí padà, mo ní ṣé yóò yára sí i ni àbí yóò falẹ̀? Àwọn kan ní yóò yára, àwọn kan ní yóò falẹ̀. Iye kan náà ló tún gbà. Ariwo ta! Nígbà tí mo ká okùn kúrú di 25 sẹ̀ǹtímítà, ó di bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá fún ogún àlọ-àbọ̀. Gígùn di ìdá mẹ́rin, àkókò di ìdajì. Ọmọkùnrin tó ní wáyà ni wáyà ń jẹ́ yẹn dákẹ́ lọ, ó wá ní, "Àṣé ohun tí square root inú fọ́múlà yẹn ń sọ nìyí?"

Ọmọ tó bi irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe olódo. Ó ti há fọ́múlà náà sórí láti SS2, kò sí ẹni tó so okùn mọ́ òkúta lásán fún un. Mo fẹ́ sunkún.

Owó làbù tí à ń san ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nílé-ìwé kan ní Iléṣà. Wọ́n ń gba owó yìí lọ́wọ́ wọn ní tọ́ọ̀mù-tọ́ọ̀mù, ó wà nínú rìsíìtì, mo fi ojú mi rí i. Ọjọ́ tí mo bá wọn lọ sípàdé òbí, mo yọjú wo yàrá sáyẹ́ǹsì náà láti ojú fèrèsé, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, àgádágodo rẹ̀ sì ti dípẹtà. Nínú eruku lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo rí páálí mágínẹ́ẹ̀tì kan tí wọn kò tí ì já tépù ẹnu rẹ̀. Wọ́n rà á, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ní in, wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí mo béèrè kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní ọwọ́ ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé-ìwé mìíràn ló wà. Nígbà tiwa ní Iléṣà kan náà, tísà wa máa ń pín wa sí bẹ́ǹṣì, mẹ́ta-mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ to bátìrì àti wáyà kí tọ́ọ̀mù tó parí. Ohun tí mo fi ń jẹun dòní, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti rí i.

Bẹ́ ẹ bá bi àwọn ọ̀gá, wọ́n á ní kò síná. Àwáwí gbáà! Bátìrì ni wọ́n ń lò fún pírátíkà iná nílé-ìwé girama, bátìrì tọ́ọ̀ṣì oní 1.5 fóltì tí àwọn ìyá oníwóróbo ń tà kiri. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní 1820 tí Oersted ní Denmark rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń yí nígbà tí iná bá gba inú wáyà tó wà nítòsí rẹ̀, kò sí òpó iná kankan nílùú wọn. Ohm tí àwọn ọmọ wa ń ka òfin rẹ̀ bí àkọ́sórí, tísà ilé-ìwé girama ni ní Cologne ní Jámánì. Wáyà oríṣiríṣi ló ń gé, tó ń wọ̀n, kó tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1827. Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìwé dídì, ni ó fi mágínẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé yípo, ní 1831 tí iná sì jáde. Orí ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn ni tiransifọ́mà àdúgbò wa ń ṣiṣẹ́ lé, orí rẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé wa ń ṣiṣẹ́ lé. Iná tó ń wọlé wá bá wa pàápàá ń fì ni, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí àgádágodo mi ṣe ń fì lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló sọ èyí fún ọmọ kankan rí?

Àwọn tó wà nípò ẹ̀kọ́ mọ gbogbo èyí. Wọ́n á wá nínú jíìpù, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á kun ògiri, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n á lọ. Kò sí ọ̀kan tí yóò ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tiwọn kò sí níbẹ̀, kí ló kàn wọ́n? Bí èsì WAEC bá sì dé tí kò dára, wọ́n á bọ́ sórí rédíò, wọ́n á ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé, pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Ọdún mẹ́ta láìfọwọ́ kan wáyà, ẹ wá ń dá ọmọ lẹ́bi!

Ó sì tún dùn mí pé Ilé-Ifẹ̀ ni. Nílùú yìí ni àwọn baba ńlá wa ti yọ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan, tí wọ́n dà á di ère ojú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́, tí gbogbo ayé ń wò títí dòní. Yunifásítì sì ti wà láàárín wa láti 1967.

Ohun tí mo rò pé a lè ṣe lọ́la, láìdúró de ìjọba kankan, nìyí. Kí ilé-ìwé girama kọ̀ọ̀kan mú oníṣẹ́ kan nínú àwọn tó ń wé kọ́ìlì fáànù àti ti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Wọ́n pọ̀ láti Lágéré dé Sábó, wọ́n pọ̀ lágbègbè Atákúnmọ́sà ní Iléṣà. Kí ó máa wá ní ọ̀sán Friday, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti SS1. Kó gbé fáànù tó ti jó wá. Kí àwọn ọmọ tú kọ́ìlì rẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí wáyà náà yí po. Wáyà tí wọ́n bá tú tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tí ì jó dànù, kí wọ́n wé e mọ́ ìṣó ńlá ní ìgbà 50, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì, kí wọ́n wo iye abẹ́rẹ́ tí yóò gbé. Kí wọ́n wé e di 100, kí wọ́n tún wò ó.

Mágínẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn gbogbo sípíkà tó ti bàjẹ́, ọ̀fẹ́ làwọn tó ń tún rédíò ṣe máa fún yín. Kí wọ́n mú un sún mọ́ kọ́ìlì tí wọ́n so mọ́ mítà kékeré irú èyí tí gbogbo oníṣẹ́ iná ń gbé sápò, kí wọ́n gbé e kúrò kíá, kí wọ́n rí i pé bí ọwọ́ bá ṣe yá tó ni nọ́ńbà ń ga tó, àti pé bí mágínẹ́ẹ̀tì bá dúró jẹ́ẹ́, iná kò sí. Bátìrì nìkan ni kí wọ́n lò o. Kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Tísà físíìsì á wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ fọ́múlà sójú pátákó lẹ́yìn tí ojú bá ti rí nǹkan tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò kàwé kò lè dúró níwájú kíláàsì. A kò ní kó wá kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọkùnrin tó ti ń wé kọ́ìlì láti ìgbà ọmọdé mọ ìdí tí kọ́ìlì tí a dín wáyà rẹ̀ kù fi ń jó, ó sì lè fi han ọmọ. Nínú owó làbù kan náà ni kí wọ́n ti fún un ní owó ọkọ̀ àti ohun tó tọ́ sí i. Mo ti bá díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà mi sọ ọ́, inú wọn dùn sí i. Àwọn kan nínú wọn ń wá ọmọṣẹ́ lójú méjèèjì, kò sì sí ibi tó tún dára tó ibẹ̀ láti rí i.

Àwọn nǹkan mìíràn náà wà. Kí ìjọba gba tísà físíìsì tó kọ́ físíìsì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń rán wá kọ́ṣẹ́ tísà máa gbé ohun èlò dání. Kí tísà máa fi Yorùbá là á yé wọn kó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì nílùú yìí láti 1970.

Lọ́wọ́ tèmi, mo ti ń kó àjákù wáyà bàbà àti gílóòbù kékeré jọ sínú àpò kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ ẹ, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kí tísà wọn wá gbà á lọ́wọ́ mi, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Òbí tó bá sì ń san owó làbù, kó lọ sílé-ìwé ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún òun.

Òǹtajà ohun èlò iná,
Lágéré, Ilé-Ifẹ̀.