Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: "Ta Ló Rí Mi?"

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti Ọjọ́rú tá a ti tú ká nípàdé, gbólóhùn kan tí ẹnìkan nínú wa fi dáhùn nígbà tí a bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ kò kúrò létí mi: "Ta ló rí mi?" N kò rí oorun sùn.

Òwe 28:13 ni mo ṣí: "Ẹni tí ó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì yóò ṣe rere, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́wọ́ tí ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ yóò rí àánú." Ẹ wo "bò" yẹn dáadáa. Ohun tí gbogbo ayé ti rí, kò ṣeé bò mọ́. Ẹni tọ́wọ́ kò tíì tẹ̀ gan-an ni ẹsẹ yìí ń bá wí.

Mo rántí Adam Gilchrist, ará Ọsirélíà tó máa ń dúró lẹ́yìn igi mẹ́ta láti hán bọ́ọ̀lù nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, wọ́n bá Sri Lanka pàdé ní Port Elizabeth. Ẹni tó bá borí ló ń lọ sí àṣekágbá ife àgbáyé. Òun ló ń gbá a lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù fara kan igi ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́, wọ́n sì hán an kó tó kanlẹ̀; nínú eré yìí, ẹni tó gbá a gbọ́dọ̀ jáde nìyẹn. Adájọ́ ní rárá, kò jáde. Ayò 22 péré ló tíì ní, àṣà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni pé kéèyàn dúró títí adájọ́ yóò fi lé e. Gilchrist yíjú padà, ó ń lọ. Igi ọwọ́ rẹ̀ ṣáà ti sọ fún un.

Eré lásán nìyẹn o! Àwa tá a kúnlẹ̀ gba oyè níwájú pẹpẹ ńkọ́? Ẹlẹ́rìí là ń bèèrè. Ìwé ẹ̀rí là ń bèèrè. Ẹ má bi mí léèrè ẹlẹ́rìí mọ́ nínú ilé Ọlọ́run!

"Kọ̀ ọ́ sílẹ̀" náà ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2008, ní Adelaide, bọ́ọ̀lù tí Laxman, agbábọ́ọ̀lù India, gbá bọ́ lọ́wọ́ Gilchrist. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin tó mú kí èèyàn 416 jáde nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún 96! Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò yá bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́; eré yẹn kò tíì parí tó fi kéde pé òun ń fi kíríkẹ́ẹ̀tì gbígbá fún orílẹ̀-èdè òun sílẹ̀. Kò dúró kí wọ́n tì í.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò kórìíra ẹnikẹ́ni. "Yóò rí àánú" ló parí ẹsẹ náà. Ilẹ̀kùn mi ṣí, kódà lóru. N kò ní pe ẹlòmíràn sí i. Àwa méjèèjì la ó jọ kúnlẹ̀.

Ìfilọ̀: Ìdánrawò akọrin di Sátidé, aago mẹ́rin. Ìyá ìbejì ti dé láti ilé ìwòsàn. Ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Ìyá ló ń gbálẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.