Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí owó bíìtì ráútà

Ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì,

Ẹ kú àdúrótì wa. A mọ̀ pé inú àwọn kan nínú yín kò dùn látìgbà tí wọ́n ti rí "owó bíìtì" nínú ìwé owó iṣẹ́ wọn, ìyẹn owó bíìtì ráútà, irin mímú tó ń yí lẹ́nu ẹ̀rọ ráútà tí a fi ń gé igi. Wọ́n ní irinṣẹ́ wa ni, kí ló wá kan àwọn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu wa.

Bíìtì ráútà kì í pẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Igi rírọ̀ tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. MDF (pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù ṣe) àti plywood (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ léra) ló ń pa á. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi pò wọ́n máa ń le koko tó bá gbẹ, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀bẹ gé iyanrìn. Lórí MDF, kíá ni bíìtì HSS, èyí tí wọ́n fi irin líle ṣe, ń kújú. Ti kábáìdì, tó le ju ìyẹn lọ, ń pẹ́ jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, òun nìkan la sì ń lò, àmọ́ ẹnu òun náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìlà gọ́ọ̀mù plywood ti ń kan ẹnu rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, ìlà á sì yọ lára gbogbo pátákó tó bá gé lẹ́yìn ìyẹn. Igi tíìkì ní sílíkà, ohun tó wà nínú iyanrìn, nínú, ó sì ń mú kí bíìtì kújú. Ìrókò ẹ̀wẹ̀, òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà míì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bíìtì bá sì kọ lù ú, ẹnu rẹ̀ lè kán.

Èyí tó dùn wá jù rèé. Tungsten, irin líle kan, ni wọ́n fi ń ṣe kábáìdì, ilẹ̀ Ṣáínà ló sì ń wa nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 gbogbo tungsten ayé. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba wọn pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó o jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Látìgbà náà ni owó rẹ̀ ti ń gun òkè. Ẹni tó ń ta bíìtì fún wa kì í tilẹ̀ sọ tẹ́lẹ̀ mọ́ kó tó fowó lé e. Tí a bá bi í, á ní ṣé òun lòun ni tungsten ni. Ta ni àwa fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún?

Àwọn kan ní ká kúkú máa lo èyí tó ti kújú. A ò ní ṣe é. Bíìtì tó kújú ń jó igi dúdú, ó ń fa etí rẹ̀ ya, ó sì léwu fún ọwọ́ ẹni tó di ẹ̀rọ mú. Iṣẹ́ tó bá jáde níbí, orúkọ wa ló wà lára rẹ̀.

A ń fọ oje igi kúrò lára àwọn bíìtì wa, a ń pọ́n èyí tó ṣeé pọ́n, a sì ń dín eré ẹ̀rọ kù fún àwọn tó tóbi.

Iṣẹ́ ńlá nìkan ni owó yìí kàn, irú bíi kọ́bọ́ọ̀dù odindi ilé. Kò kan tábìlì kan tàbí férémù kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bíìtì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ, kó sọ fún wa ṣáájú, a ó kó wọn pa mọ́ dè é.